Ìbejì Mélòó Nínú Ẹgbẹ̀rún? Àlàyé lórí Ìtànká Alágogo àti Àlàfo Ìfọkàntán fún Olùwádìí Ìmọ̀ Yorùbá

Ìfáárà

Ó ṣòro kí ènìyàn ka ìwé lórí ìbejì nílẹ̀ Yorùbá kí ó má bá nọ́ńbà kan pàdé: 45 nínú ìbí 1,000. Ìgbó-Ọrà, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní, ni a sábà máa ń dárúkọ mọ́ ọn, àwọn ìwádìí tí oníṣègùn Nylander ṣe ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni ó sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, kí ìtọ́jú ìgbàlódé fún àwọn tí ń wá ọmọ tó gbòde, iye ìbejì kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí. Àwọn ará Ìgbó-Ọrà a máa tọ́ka sí ọbẹ̀ ìlasa àti àmàlà gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Ẹ̀rí tí ó fìdí ìyẹn múlẹ̀ kò tíì sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a fẹ́ yanjú níhìn-ín nìyẹn.

Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò. A ti ń gba 45 yìí bí ẹni gba ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ ìlú. Òǹkọ̀wé kan fà á yọ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kejì, ẹnì kẹta fà á yọ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti fà á yọ, títí ó fi dà bí ẹni pé a gbẹ́ ẹ sára òkúta. Bẹ́ẹ̀, kíkà ni wọ́n kà á. Àwọn ìbí kan ni a kà, ní ìlú kan, láàárín sáà kan. Bí ó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá mìíràn ni ìbá wà lórí ìkúnlẹ̀, nọ́ńbà náà ìbá sì yàtọ̀ díẹ̀. Báwo ni díẹ̀ yìí ti pọ̀ tó? Ìbéèrè yìí ni ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní confidence interval wà láti dáhùn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó pè é ní àlàfo ìfọkàntán, a ó sì sọ ìdí tí a fi yan orúkọ yẹn.

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó fi ìbéèrè lọ àwọn ènìyàn lónìí tí kọ̀ǹpútà kì í tẹ àlàfo yìí jáde fún. Wọ́n ń kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àṣekágbá wọn, ọ̀pọ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ lódì. A kò lè dá wọn lẹ́bi púpọ̀, nítorí pé ìtumọ̀ òdì náà dùn ún gbọ́ ju ìtumọ̀ gidi lọ.

Agbo àti àṣàyàn

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni agbo, ìyẹn gbogbo ìbí tí ọ̀rọ̀ wa kàn. Agbo yìí ní iye ìbejì tirẹ̀, tí ó dúró sójú kan, tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì mọ̀. A ó pè é ní iye òtítọ́. Èkejì ni àṣàyàn, ìyẹn ìwọ̀nba ìbí tí agbára wa ká láti kà. Láti inú àṣàyàn ni a ti ń rí iye tí a kà. Iye òtítọ́ kì í yẹ̀. Iye tí a kà ni ó ń yí padà láti orí àṣàyàn kan sí òmíràn. Ẹni tí ó bá gbàgbé ìyàtọ̀ yìí yóò ṣìnà nígbà tí a bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le.

Ó yẹ kí a fi kún un pé ìbí ni à ń kà, a kò ka ọmọ. Bí 45 nínú ìbí 1,000 bá jẹ́ ìbejì, ọmọ 1,045 ni a bí, 90 nínú wọn ni Táíwò àti Kẹ́hìndé. Mo ti rí iṣẹ́ tí ó fi iye ìbí ti ìlú kan wé iye ọmọ ti ìlú mìíràn, tí ó wá kéde pé ìlú kejì fi ìlọ́po méjì bí ìbejì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ìṣirò ìjìnlẹ̀ tí ó lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ là.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbà, fún àpẹẹrẹ, pé iye òtítọ́ jẹ́ 45 nínú 1,000 lóòótọ́, kí a sì rán akẹ́kọ̀ọ́ 100 jáde, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ka ìbí 2,000 tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ṣe àṣìṣe nínú wọn, síbẹ̀ wọn kò ní mú iye kan náà bọ̀. Ẹnì kan yóò rí ìbejì 90, ẹlòmíràn 83, ẹlòmíràn 101. Bí a bá to iye wọn sórí ìlà láti èyí tí ó kéré jù dé èyí tí ó pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ wọn yóò kóra jọ yí 90 ká, wọn yóò sì máa dínkù bí a ti ń jìnnà sí i lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Òkìtì tí wọ́n yà yóò ga láàárín, yóò sì fẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹnu agogo.

Owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún àti ìrísí agogo

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ agogo? Ẹ jẹ́ kí a mú owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún, irú èyí tí a fi ń dá ẹẹ́rìndínlógún. Ọ̀rọ̀ odù kọ́ ni à ń sọ o. Ìyẹn ní àwọn tí ó ni ín. Ìṣirò lásán ni tiwa. Nígbà tí a bá da owó ẹyọ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣíjú sókè tàbí kí ó dojú délẹ̀. Ká ní àǹfààní méjèèjì dọ́gba. (Owó ẹyọ gidi kò rí bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí pé ojú rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ kò rí bákan náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná.) Ọ̀nà tí owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún lè gbà balẹ̀ jẹ́ 65,536. Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún fi lè ṣíjú sókè pọ̀. Ọ̀nà tí mẹ́jọ fi lè ṣíjú sókè tí mẹ́jọ yòókù sì dojú délẹ̀ jẹ́ 12,870. Kò sí àràmàǹdà kankan níbẹ̀: ọ̀nà tí ó lọ sí àárín ni ó pọ̀ jù lọ. Bí a bá da wọ́n sílẹ̀ nígbà púpọ̀, nǹkan bíi 79 nínú ìgbà 100 ni iye tí ó ṣíjú sókè yóò wà láti mẹ́fà sí mẹ́wàá.

Abraham de Moivre, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó sá lọ sí London nítorí inúnibíni ẹ̀sìn, ni ó kọ́kọ́ fi hàn, ní 1733, pé bí iye ohun tí à ń jù sílẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i, òkìtì yìí ń sún mọ́ ìlà kan tí ó tẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí a lè kọ sílẹ̀ nínú ìṣirò. Ní 1809, Gauss lo ìlà kan náà fún àṣìṣe àwọn tí ń wo ìràwọ̀. Laplace ni ó wá la ojú ọ̀rọ̀ ní 1810: bí a bá ro ọ̀pọ̀ ohun kéékèèké pọ̀, tí ọ̀kan kò gbára lé ìkejì, tí kò sì sí ọ̀kan tí ó tóbi débi tí yóò borí ìyókù, àròpọ̀ wọn yóò ya agogo, ohun yòówù kí ìrísí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni ó ṣe pàtàkì fún wa. Ìbí kan kò ní ìrísí agogo rárá: yálà ó jẹ́ ìbejì tàbí kò jẹ́ ìbejì, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa bi mí bóyá wọ́n lè lo ìṣirò yìí níwọ̀n ìgbà tí dátà wọn kò ya agogo. Wọ́n lè lò ó. Iye tí a yọ láti inú àṣàyàn, ìyẹn ìpíndọ́gba tàbí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ni ó ní láti sún mọ́ ìrísí agogo, nígbà tí a bá ronú nípa gbogbo àṣàyàn tí a ìbá ti ṣe. Ìpíndọ́gba ìbí 2,000 jẹ́ àròpọ̀ ohun kéékèèké 2,000, nítorí náà ọ̀rọ̀ Laplace bá a mu.

Gẹ̀ẹ́sì pe ìlà yìí ní normal distribution. Orúkọ náà kò dára tó, nítorí pé ó ń dún bí ẹni pé ohun tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ti ya wèrè. Ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ pọ̀ jọjọ. Ẹ ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ yọ nínú ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá èyíkéyìí: ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ bíi “ní”, “tí” àti “ó” ni yóò gba ojú ìwé náà kan, ọ̀pọ̀ rẹpẹtẹ ọ̀rọ̀ yóò sì jẹ yọ lẹ́ẹ̀kan péré. Kò sí agogo kankan níbẹ̀. Ìtànká alágogo ni mo fara mọ́, nítorí pé ìrísí ni ó sọ, kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni kí òǹkàwé fi ojú inú wò, kí ó má ṣe wo agogo onírin gígùn tí a ń lù lóde ijó.

Bí agogo kan ti fẹ̀ tó ni a ń fi òṣùwọ̀n ìyapa sọ, ìyẹn ìwọ̀n bí àwọn iye ti sábà máa ń jìnnà sí àárín. Nínú agogo èyíkéyìí, nǹkan bíi 68 nínú 100 ni kì í jìnnà sí àárín ju òṣùwọ̀n ìyapa kan lọ. 95 ni kì í jìnnà ju 1.96 lọ, èyí tí ó jìnnà ju mẹ́ta lọ kò tó mẹ́ta nínú 1,000.

Láti agogo sí àlàfo

Akẹ́kọ̀ọ́ tí a rán jáde kò rí agogo o. Àṣàyàn kan ṣoṣo ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìbejì 90 ni ó rí nínú ìbí 2,000, ìyẹn 0.045. Ìṣirò náà kò le. Kí ó fi 0.955, tí í ṣe ìdá àwọn tí kì í ṣe ìbejì, sọ 0.045 di púpọ̀. Kí ó pín èsì rẹ̀ sí ọ̀nà 2,000. Kí ó wá nọ́ńbà tí ó jẹ́ pé bí a bá fi òun fúnra rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, yóò fún wa ní ohun tí ó kù. Yóò rí 0.0046. Èyí ni òṣùwọ̀n ìyapa fún iye tí a kà. Láti yà á sọ́tọ̀, a ó pè é ní òṣùwọ̀n àṣìṣe. Bí ó bá fi 1.96 sọ ọ́ di púpọ̀, yóò rí 0.009, ìyẹn mẹ́sàn-án nínú 1,000. Kí ó yọ mẹ́sàn-án kúrò nínú 45, kí ó sì fi mẹ́sàn-án kún 45: àlàfo rẹ̀ jẹ́ 36 sí 54 nínú 1,000.

Ibo ni ó ti rí ẹ̀tọ́ láti ṣe bẹ́ẹ̀? Agogo sọ fún wa pé, nínú akẹ́kọ̀ọ́ 100, iye tí nǹkan bíi 95 kà kò ní jìnnà sí iye òtítọ́ ju mẹ́sàn-án lọ. Ṣùgbọ́n bí ilé mi kò bá jìnnà sí tìrẹ ju ibùsọ̀ kan lọ, tìrẹ náà kò jìnnà sí tèmi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan bá na ọwọ́ mẹ́sàn-án sí apá ọ̀tún àti mẹ́sàn-án sí apá òsì láti orí iye tí ó kà, nǹkan bíi 95 nínú wọn yóò fọwọ́ kan iye òtítọ́, nǹkan bíi márùn-ún kò sì ní kàn án. Gbogbo ọgbọ́n tí ó wà nínú àlàfo ìfọkàntán nìyẹn.

Ẹ wá wo akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn tí ìbí 200 péré ni ó rí kà, tí mẹ́sàn-án sì jẹ́ ìbejì. Òun náà yóò kọ 45 nínú 1,000 sínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo rẹ̀ lọ láti 16 dé 74. Nọ́ńbà kan náà ni àwọn méjèèjì kọ, ohun tí wọ́n mọ̀ kò sì dọ́gba rárá. Bí wọ́n bá tẹ iṣẹ́ méjèèjì jáde láìsí àlàfo, òǹkàwé kò ní ọ̀nà àtimọ èyí tí ó wúwo. Ó tún yẹ kí a kíyè sí i pé ìbí ìlọ́po mẹ́wàá kò sọ àlàfo di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó dín in kù sí bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àlàfo rẹ̀ dín sí ìlàjì gbọ́dọ̀ ka ìlọ́po mẹ́rin.

Ta ni à ń fọkàn tán?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ wa ti rí 36 sí 54, ohun tí yóò fẹ́ kọ ni pé àǹfààní 95 nínú 100 wà pé iye òtítọ́ bọ́ sáàárín 36 sí 54. Gbólóhùn yìí wà nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá, kò sì tọ̀nà. Iye òtítọ́ kì í rìn. Àwọn nọ́ńbà 36 àti 54 náà kò rìn mọ́, níwọ̀n ìgbà tí a ti kọ wọ́n sílẹ̀. Yálà iye òtítọ́ wà láàárín wọn tàbí kò sí níbẹ̀. Kò sí ohun tí ó kù tí àkọsẹ̀bá lè dà sílẹ̀ bí owó ẹyọ.

Ẹ wo amọ̀kòkò kan tí, nínú ìkòkò 100 tí ó bá mọ, 95 kì í jò. Ìyàwó ilé kan ra ọ̀kan lọ́jà, ó gbé e délé. Ìkòkò tí ó wà ní ilé ìdáná yìí, yálà ó ń jò tàbí kò jò. Kò sí ìkòkò tí í fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún jò. Nọ́ńbà 95 náà jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ amọ̀kòkò, kì í ṣe nípa ìkòkò kan. Àwa olùwádìí wà nínú ipò ìyàwó ilé yìí, àfi pé tiwa tún burú díẹ̀: òun lè bu omi sínú ìkòkò rẹ̀ kí ó tó ilẹ̀ ṣú, ṣùgbọ́n àlàfo wa kò ní omi tí a lè bù sí i, nítorí pé bí a bá mọ iye òtítọ́ tí a ó fi dán an wò, a kì bá tí lọ ka ìbí kankan. Ohun tí ó kù fún wa ni kí a mọ ẹni tí ó mọ ìkòkò.

Jerzy Neyman, ẹni tí ó gbé ètò yìí kalẹ̀ ní kíkún nínú ìwé kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1937, tẹnu mọ́ ọn gidigidi pé ètò ìṣirò ni ó ni nọ́ńbà 95, àlàfo kọ̀ọ̀kan kò ní in. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ “àlàfo ìdánilójú” tí àwọn kan ń lò. Ohun tí ó bá dáni lójú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti parí nìyẹn. Orúkọ náà ń ṣèlérí fún òǹkàwé ohun tí ìṣirò kò ṣèlérí. “Ìgbẹ́kẹ̀lé” sàn jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ìfọkàntán ni mo yàn, nítorí pé nínú èdè wa, ẹni tí a mọ ìwà rẹ̀ láti àtẹ̀yìnwá ni à ń fọkàn tán, lórí ọ̀ràn tí ojú wa kò tó. Ẹni tí a rán lọ sí ìrìn-àjò pẹ̀lú owó ni à ń fọkàn tán. Ẹni tí ó jókòó tì wá tí ó ń ka owó náà lójú wa kò nílò rẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju èyí lọ, kí ó mú un wá, ṣùgbọ́n kí ó fi ìbéèrè yìí dán an wò ná: ṣé àlàfo ni ọ̀rọ̀ náà yìn, àbí ètò tí ó bí àlàfo?

Àwọn kan wà tí ń tẹ̀lé ọ̀nà Bayes, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1763, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí lè sọ gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ wa fẹ́ kọ yẹn, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni: olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ohun tí ó gbà gbọ́ nípa iye ìbejì sílẹ̀, ní nọ́ńbà, kí ó tó ka ìbí kan. Ọ̀nà tí ó bófin mu ni. A kò kàn lè lo ètò Neyman kí a sì sọ èsì rẹ̀ lédè Bayes.

Nọ́ńbà 95 pẹ̀lú kì í ṣe èèwọ̀ tí a kò gbọdọ̀ kọjá. Fisher ni ó sọ pé ó rọrùn láti lò nínú ìwé rẹ̀ ti 1925, nítorí pé 1.96 sún mọ́ méjì, ayé sì tẹ̀lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ 99 lè lo 2.58, àlàfo akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò wá fẹ̀ di 33 sí 57. Amọ̀kòkò tí ìkòkò rẹ̀ kì í jò rárá máa ń mọ ọ́n nípọn ni.

Ibi tí àlàfo ti ń ṣini lọ́nà

Àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀ ni kí a rò pé 95 nínú 100 àwọn ènìyàn ni ó wà nínú àlàfo. Ká ní a wọn gíga obìnrin 400, tí ìpíndọ́gba wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 160, tí òṣùwọ̀n ìyapa wọn sì jẹ́ mẹ́fà. Àlàfo ìfọkàntán fún ìpíndọ́gba lọ láti 159.4 dé 160.6. Ibi tí 95 nínú 100 àwọn obìnrin náà wà, bí gíga wọn bá ya agogo, fẹ̀ jù ú lọ fíìfíì: láti nǹkan bíi 148 dé 172. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin mẹ́wàá péré ni a wọ̀n, 1.96 kò tó mọ́, 2.26 ni a ó lò, gẹ́gẹ́ bí Gosset, òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí Guinness ní Dublin, ti fi hàn ní 1908 lábẹ́ orúkọ ìnagijẹ “Student”.

Àṣàyàn kékeré lè ba ìṣirò tiwa náà jẹ́. Bí a bá ka ìbí 40, tí a rí ìbejì méjì, ìṣirò tí a ṣe lókè yóò fún wa ní àlàfo tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ òdo, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní 18 nínú 1,000. Kò sí ìlú tí iye ìbejì rẹ̀ dín ní òdo. Agogo kò tíì dúró dáadáa nígbà tí ohun tí à ń wá kò ju méjì lọ; ó ti tẹ̀ sí apá kan. Ọ̀nà tí Wilson gbé kalẹ̀ ní 1927 yẹra fún ìtìjú yìí, ó fún wa ní 14 sí 165. Àlàfo yẹn gbòòrò bí ọ̀nà ọba, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ òtítọ́ nípa ohun tí ìbí 40 lè kọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ wíwé ìlú méjì wé ara wọn ni ó máa ń fa àríyànjiyàn jù. Ìlú Kìíní ní ìbejì 90 nínú ìbí 2,000, Ìlú Kejì ní 62 nínú ìbí 2,000. Àlàfo ti àkọ́kọ́ jẹ́ 36 sí 54, ti èkejì jẹ́ 23 sí 39. Nítorí pé àlàfo méjèèjì wọ inú ara wọn láti 36 dé 39, ọ̀pọ̀ yóò sọ pé kò sí ìyàtọ̀ tí ó dúró. Ìyàtọ̀ ni ó yẹ kí a fún ní àlàfo tirẹ̀. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ 14 nínú 1,000, òṣùwọ̀n àṣìṣe rẹ̀ jẹ́ bíi mẹ́fà, àlàfo rẹ̀ sì lọ láti méjì dé 26. Òdo kò sí nínú rẹ̀. Ohun tí ó fà á ni pé kì í sábà ṣẹlẹ̀ kí àkọsẹ̀bá ti Ìlú Kìíní sókè jìnnà kí ó sì ti Ìlú Kejì sílẹ̀ jìnnà lẹ́ẹ̀kan náà.

Gbogbo èyí ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọsẹ̀bá nìkan, àkọsẹ̀bá nìkan sì ni àlàfo mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá ni a ti ka ìbí wa, ó ṣeé ṣe kí agbẹ̀bí àdúgbò ti máa darí aláboyún tí ikùn rẹ̀ tóbi lọ síbẹ̀, kí ó sì gbẹ̀bí ti àwọn yòókù nílé. Iye ìbejì inú ìwé náà yóò pọ̀ ju ti ìlú lọ, ìbí 100,000 kò sì ní tún un ṣe; yóò kàn fún wa ní àlàfo tín-ín-rín tí ó yí nọ́ńbà tí kò tọ́ ká. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ Laplace pé ọ̀kan kò gbọdọ̀ gbára lé ìkejì. Obìnrin tí ó ti bí ìbejì rí ṣeé ṣe kí ó tún bí i ju ẹlòmíràn lọ. Bí a bá ka ìbí mẹ́fà rẹ̀ sí ìbí mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, a ń tan ara wa jẹ.

Àwa tí a ń ṣe ìwádìí èdè ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí agboolé kan, ó fi ọ̀rọ̀ wá ènìyàn 40 lẹ́nu wò lórí bí wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ kan ní ẹ̀ka-èdè wọn, 38 nínú wọn sọ ohun kan náà. Kọ̀ǹpútà yóò gbà pé ẹlẹ́rìí 40 ni, yóò sì fún un ní àlàfo tí ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n lẹ́nu ìyá kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́ èdè náà. Agboolé mẹ́wàá pẹ̀lú ènìyàn mẹ́rin mẹ́rin ìbá ti kọ́ wa ní ohun tí ó ju èyí lọ, pẹ̀lú iye ènìyàn kan náà àti bóyá owó ọkọ̀ díẹ̀ sí i.

Ní ti ẹni tí ó bá fẹ́ padà sí Ìgbó-Ọrà lọ wò bóyá 45 ṣì dúró, kí ó ṣírò kí ó tó gbéra. Ká ní ó fẹ́ kí àlàfo rẹ̀ má fẹ̀ ju márùn-ún sí òkè àti márùn-ún sí ìsàlẹ̀ lọ nínú 1,000. Yóò nílò nǹkan bíi ìbí 6,600. Ní ilé ìgbẹ̀bí kan tí wọ́n ti ń gbẹ̀bí méjì lóòjọ́, àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn.